Ta Ni Yóò Palẹ̀ Mọ́? Ìtàn Bí Linux Ṣe Kọ́ Láti Dá Ohun Tí Ó Yá Padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Owó ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ó bá ohun kan mu tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kiri nínú àpò láìmọ̀. Nínú fóònù kọ̀ọ̀kan ni yíyá àti sísan gbèsè ti ń lọ láìdúró. Ẹ̀rọ kan yá àyè nínú mẹ́mórì, òmíràn yá iná, òmíràn yá ọ̀nà tí yóò máa fi pe ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ láti dá ohun tó yá padà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí nǹkan lò.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn tó ń kọ Linux ṣe fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ bí a ti ń san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìtàn náà ti le jù ni ọ̀rọ̀ àwọn prósẹ́sọ̀ olùrànlọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ní ọpọlọ tiwọn, wọ́n sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ọ̀gá wọn rò pé wọ́n ti sinmi.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ inú ẹ̀rọ

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti mọ èyí. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ Control Data Corporation ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n ń pè ní CDC 6600. Seymour Cray ni olórí àwọn tó ṣe é. Prósẹ́sọ̀ ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò, àwọn kékeré mẹ́wàá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé dátà wọlé, tí wọ́n sì ń gbé e jáde, kí ọ̀gá má baà fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ máa dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní ọdún 1980, Intel gbé 8087 jáde, èyí tó ń bá prósẹ́sọ̀ 8086 ṣe ìṣirò tó ní ẹ̀sún dẹ́símà nínú.

Nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí bá a wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fojú rí wọn. Kí fóònù tó lè bá òpó MTN tàbí ti Econet sọ̀rọ̀, ó ní láti sọ ohùn ènìyàn di nọ́ńbà, kí ó sì sọ nọ́ńbà náà padà di ohùn, láìdáwọ́ dúró. Prósẹ́sọ̀ pàtàkì kan ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú fóònù kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2011, Samsung àti Google gbé Galaxy Nexus jáde. Inú rẹ̀ ni OMAP4 wà, èròjà tí ilé iṣẹ́ Texas Instruments ṣe, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Prósẹ́sọ̀ Cortex-A9 méjì wà nínú OMAP4 yìí, àwọn ni ọ̀gá, Linux sì ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n Cortex-M3 méjì tún wà níbẹ̀, àti DSP kan tó ń ṣe iṣẹ́ ohùn àti àwòrán. Àwọn mẹ́ta yìí kì í lo Linux. Ètò kékeré tiwọn ni wọ́n ń lò. Bí ènìyàn bá ṣí kámẹ́rà láti ya ìyàwó tuntun, àwọn Cortex-M3 ló ń sáré kiri nínú ilé ìdáná. Ọ̀gá kàn ń gba àlejò nínú pálọ̀ ni.

Kí ni wọ́n ń yá?

Ètò tó ń bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lórúkọ Linux ni a ń pè ní dráífà. Kí dráífà tó lè jí prósẹ́sọ̀ olùrànlọ́wọ́ kan, ohun mélòó kan wà tí ó gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ Linux. Yóò gba àyè nínú mẹ́mórì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Yóò da ètò tí olùrànlọ́wọ́ náà máa lò sínú àyè yẹn. Yóò gba iná àti aago tó ń lù tí gbogbo prósẹ́sọ̀ ń tẹ̀lé. Yóò gba ọ̀nà ìpè tí olùrànlọ́wọ́ yóò máa fi ta ọ̀gá lólobó pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni yóò tó sọ fún un pé, "Ó yá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dá padà. Bí ó ṣe ń dá a padà kò sì yàtọ̀ sí bí a ṣe ń tú kánópì ìnáwó ní Àsin-Èkìtì tàbí ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó ń yáni ní kánópì yóò kọ́kọ́ gbé irin nàró, yóò ta aṣọ lé e lórí, yóò to tábìlì àti àga sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó gbé iyán àti ọbẹ̀ dé. Bí ìnáwó bá parí, oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà àga àti tábìlì, lẹ́yìn náà aṣọ, irin ló ń kẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ wọlé ni ó ń jáde gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fa irin yọ nígbà tí àwọn àlejò ṣì jókòó, orí àwọn àlejò ni yóò wó kánópì lé.

Ohun kejì wà tó tún le ju èyí lọ. Bí òjò bá dé nígbà tí irin nìkan ṣì wà nílẹ̀, irin nìkan ni ó yẹ kí wọ́n kó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àga tí kò tíì dé, wàhálà ni yóò fi ṣe. Bákan náà ni dráífà. Bí ìgbésẹ̀ kẹrin bá kùnà, ó gbọ́dọ̀ dá ohun tó gbà ní ìgbésẹ̀ kẹta, ìkejì àti ìkínní padà, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ìkẹrin, nítorí pé kò rí i gbà.

Ìgbà àfọwọ́ṣe

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, kéde fún ayé pé òun ń kọ operating system kan. Òun ló di Linux. Èdè C ni ó fi kọ ọ́, èdè tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní nǹkan bí ọdún 1972. C yára, ó sì gbọ́ràn sí ẹni tó ń lò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í báni palẹ̀ mọ́. Ohun tí o bá yá, ìwọ fúnra rẹ ni kí o rántí dá a padà.

Nítorí náà, ọwọ́ ni àwọn tó ń kọ dráífà fi ń ṣe é. Ní ìsàlẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọn a to ìgbésẹ̀ ìdápadà sí ìlà kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ibi tí nǹkan bá ti bàjẹ́, wọn a fi ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ goto fò lọ sí ìlà tó yẹ, wọn a sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé goto ni wọ́n lò. Ní ọdún 1968, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti kọ lẹ́tà olókìkí kan tó fi bá goto wí pé ó máa ń da ètò rú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Linux rí i pé fún pípalẹ̀ mọ́, àkàbà yẹn wúlò, wọ́n sì ń lò ó títí di òní.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìrántí ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí ẹnì kan bá fi ìgbésẹ̀ tuntun kún dráífà, tí kò rántí fi ìdápadà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, gbèsè ti dá sílẹ̀ nìyẹn. Kò sì sí ẹni tí yóò tètè mọ̀, nítorí pé ọ̀nà ìkùnà kì í sábà ní ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń jí dáadáa ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí kò bá jí nìkan ni àṣìṣe náà ń fojú hàn.

Àwọn onímọ̀ wá fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford yẹ Linux wò, wọ́n rí i pé àṣìṣe inú dráífà lè tó ìlọ́po mẹ́ta sí méje ti àwọn apá Linux yòókù. Ní ọdún 2003, àwọn ti Yunifásítì Washington kọ ọ́ pé nínú Windows XP, dráífà ló fa ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìdákú tí wọ́n ròyìn rẹ̀ nígbà náà. Pípalẹ̀ mọ́ kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó fà á. Ohun tó dájú ni pé bí ilé bá ń jò, dráífà ni ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ gbójú sókè wò.

Ìwé gbèsè Tejun Heo

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ẹnì kan tí ń jẹ́ Tejun Heo ń tún apá Linux tó ń bójú tó àwọn díìsìkì kan ṣe. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ dráífà níbẹ̀ kì í palẹ̀ mọ́ dáadáa bí nǹkan bá bàjẹ́. Ó lè tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa bá àwọn tó kọ wọ́n jà. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Ó fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé gbèsè.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí dráífà bá yá nǹkan ní ọ̀nà tuntun yìí, Linux fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ náà. Bí ìgbésẹ̀ kan bá kùnà, tàbí bí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ náà kúrò, Linux yóò ṣí ìwé yẹn, yóò kà á láti ìlà ìkẹyìn lọ sókè, yóò sì gba gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ padà. Ẹni tó kọ dráífà kò ní láti rántí ohunkóhun. Linux 2.6.21, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2007, ni ó kọ́kọ́ gbé ètò yìí wá. Devres ni orúkọ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin tí a sì fi ń dá a mọ̀ níwájú àwọn àṣẹ rẹ̀ ni devm.

Mo gbà pé ibí yìí ni ìtàn náà ti yí padà. Ṣáájú 2007, ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Ta ló gbàgbé?" Lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè náà di, "Báwo ni a ṣe lè ṣe é tí ìgbàgbé kò fi ní ba nǹkan jẹ́?" Ìbéèrè kejì yìí ló ń tún ilé ṣe.

Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ ní ọpọlọ tirẹ̀

Ìwé gbèsè tó fún ẹ̀rọ tó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Prósẹ́sọ̀ olùrànlọ́wọ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ká ní Linux gba mẹ́mórì rẹ̀ padà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó sì fún ètò mìíràn ní àyè náà. Olùrànlọ́wọ́ kò mọ̀. Yóò ṣì máa kọ àwòrán kámẹ́rà sí ibi tó ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tàbí ìṣirò owó ẹlòmíràn ló ti wà níbẹ̀ báyìí. Ńṣe ló dà bí ẹni tí onílé ti fi yàrá rẹ̀ fún ayálégbé tuntun, tí kò sí ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ ni pé kí a dá olùrànlọ́wọ́ dúró ná, kí a rí i dájú pé ó ti dúró, kí a tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò OMAP4, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ láti jí olùrànlọ́wọ́ àti láti pa á, ẹnì kan kì í sì í lo ti ẹnì kejì. Ohad Ben-Cohen, tó ń bá Texas Instruments ṣiṣẹ́, ló kọ ètò kan tí gbogbo wọn lè jọ lò. Remoteproc ni orúkọ rẹ̀, ó sì wọ inú Linux 3.4 tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2012.

Ohun mẹ́rin nínú remoteproc ló yẹ kí a mọ̀. Èkíní ni pé ètò tí olùrànlọ́wọ́ ń lò máa ń gbé àkọsílẹ̀ kan lọ́wọ́ wá, tó ka gbogbo ohun tó nílò sílẹ̀, bí àlejò tó sọ ohun tí yóò jẹ kí ó tó jókòó. Linux mọ ohun tó fún un, nítorí náà ó mọ ohun tí yóò gbà padà. Èkejì ni pé Linux máa ń ka iye àwọn tó ń lo olùrànlọ́wọ́ náà. Bí ètò méjì bá jọ ń lò ó, tí ọ̀kan ní òun ti ṣe tán, Linux kò ní pa á. Ẹni tó bá kẹ́yìn jáde ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní rproc_resource_cleanup, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń gba àyè mẹ́mórì, ọ̀nà inú rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ gbogbo padà. Ẹ̀kẹrin dé kí ọdún 2012 tó parí: bí olùrànlọ́wọ́ bá dákú lójijì, Linux lè dá a dúró, kí ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí ó sì tún un jí, láìjẹ́ pé fóònù kú.

Ẹ kíyèsí i pé ìtúnjí kò lè ṣeé ṣe bí pípalẹ̀ mọ́ bá mẹ́hẹ. A kì í se ọbẹ̀ tuntun sínú ìkòkò tí ọbẹ̀ àná ti kan sí.

Awuyewuye kò tíì tán

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìwé gbèsè ti parí gbogbo rẹ̀ yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dráífà kan ń fi ọwọ́ dá nǹkan kan padà, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún devres. Ìgbà tí iṣẹ́ ọwọ́ bá parí ni devres tó ń ṣí ìwé. Bí mẹ́mórì bá wà lára ohun tí a fi ọwọ́ dá padà, tí ọ̀nà ìpè sì wà nínú ìwé, ìpè lè dún láàárín méjèèjì, kí ẹni tó jẹ́ ìpè náà sì bá ilé òfìfo. Nítorí èyí, ní ọdún 2020 ni wọ́n fi àwọn àṣẹ devm kún remoteproc fúnra rẹ̀, kí dráífà lè fi gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan.

Ní ọdún 2022, níbi ìpàdé àwọn tó ń kọ Linux ní Dublin, Laurent Pinchart sọ̀rọ̀ lórí ìpalára tí devres lè fà. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ lè kúrò nígbà tí ètò kan ṣì di fáìlì rẹ̀ mú. Bí ìwé gbèsè bá gba mẹ́mórì padà nítorí pé ẹ̀rọ ti lọ, ètò tó ṣì di fáìlì mú yóò tẹ ibi tí kò sí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, torí ó ń béèrè ẹni tó ni nǹkan ní tòótọ́: ṣé ẹ̀rọ ni, àbí ẹni tó ń lò ó?

Ọ̀nà méjì mìíràn ti ṣí láti ìgbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Linux 6.1 gba èdè Rust wọlé, èdè tó jẹ́ pé ohun gbogbo ní olówó kan, tí ohun náà sì ń padà fúnra rẹ̀ bí olówó rẹ̀ bá ti lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Linux 6.5 mú iṣẹ́ Peter Zijlstra wọlé, tó jẹ́ kí èdè C pàápàá lè palẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ kan bá ti parí. Àkàbà goto ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀.

Kí ló kàn wá ní Èkìtì?

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ Helsinki àti Texas ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n kernel Linux ló wà nínú gbogbo fóònù Android. Nínú àpò remoteproc lónìí, dráífà wà fún èròjà Qualcomm àti ti MediaTek, àwọn ilé iṣẹ́ tí èròjà wọn kún inú fóònù tí à ń tà lójà. A kì í pààrọ̀ fóònù lọ́dọọdún níbí. Bí àbúrò bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ìyá lè tún gbà á lọ́wọ́ àbúrò. Fóònù tó ń gbàgbé láti dá nǹkan padà yóò máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó pa á, a ó tún un tàn, yóò sì tún yára. Pípa á yẹn gan-an ni ìpalẹ̀mọ́ ìgbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo onígbèsè bá jọ fi ohun gbogbo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wà lórí ìpè pàjáwìrì sí ilé ìwòsàn kò ní àyè fún irú rẹ̀.

Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, nígbà tí iṣẹ́ remoteproc ń lọ lọ́wọ́. Ọgbà rẹ̀ ní Ìkọ̀lé ni wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa Linux yìí wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, láìsan kọ́bọ̀, títí kan àwọn àṣìṣe àti àríyànjiyàn tó bí wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi mọ sórí bí a ti ń tàn án. Ẹ kọ́ wa ní bí a ti ń pa á pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé fún ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1991 sí 2007, àwọn ọlọ́gbọ́n ènìyàn gbára lé ìrántí ara wọn, ìrántí sì já wọn kulẹ̀. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni àkọsílẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń lò, ìlànà tó sọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò àti ohun tó yẹ kó kẹ́yìn, àti ìgboyà láti tún ìlànà náà yẹ̀ wò nígbà tí ó bá kùnà. Ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù tó ń yá owó, ilé ìkàwé tó ń yá ìwé, àti ilé ẹ̀kọ́ tó ń pín kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ló lè fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n. Kí a tó yá ohunkóhun jáde, ẹ jẹ́ kí a ti mọ ibi tí a ó kọ ọ́ sí, àti ẹni tí yóò gbà á padà.